Ẹsẹ̀ Ràbí àti Gbólóhùn Kan Tí Mo Sọ ní Boni

Ilé wa ní Ṣábẹ̀,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ láti rí bébà lọ́wọ́ ẹni tó bá ọ gbé e wá. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ìwọ ti ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, o sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ mi kì í pé ìṣẹ́jú méjì kí n tó gbé e fún ìyá rẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, bí mo bá sọ ọ́ lórí tẹlifóònù, màá sọ ọ́ di àwàdà ni. Mo mọ ara mi. Ìyá rẹ náà mọ̀ mí. Òun ló gbé káyé àti bíkì ìkọ̀wé sí iwájú mi láàárọ̀ yìí, tó ní bí mi ò bá kọ ọ́, òun á fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún ọ.

Mo kọ́kọ́ kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Pé wọ́n gbà ọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ eléré ìje ní Kútọnu, kí o máa wo bí iṣan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí o sì máa sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá tó láti sáré àti ẹni tó yẹ kó sinmi, ìyẹn dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe fi hàn ọ́ lọ. Nígbà tí o sọ pé ẹ̀kọ́ iṣan àti bí ara ṣe ń rìn lo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, èmi ni mo bi ọ́ pé ṣé o fẹ́ máa fọn fèrè nínú oòrùn bíi tèmi ni. O dá mi lóhùn pé o fẹ́ mọ ohun tí èmi ò mọ̀. Inú bí mi díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò jẹ́ kí o mọ̀, àmọ́ òótọ́ lo sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá o ní kí n bá ọ kọ orúkọ àwọn tó sáré lábẹ́ mi nígbà tí mo ṣì ń ṣe olùkọ́ eré ìdárayá níbí, pàápàá àwọn tó ṣì ń dáko, nítorí ọ̀gá rẹ ti gbà pé kí o fi ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọ ebè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ. O ní Ràbí ti Boni ni kí n kọ́kọ́ kọ, torí gbogbo ayé ló ń sọ pé kò sí ọmọbìnrin tó sáré tó o rí ní agbègbè yìí. Mo ní màá wá a kàn. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Mi ò níláti wá Ràbí. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò rántí ilé rẹ̀.

O mọ̀ ọ́n dáadáa, o kàn ò mọ̀ pé òun ni. Òun ni Àǹtí Ràbí tó máa ń gbé iṣu tuntun wá fún wa, tó ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ bi mí pé kí ló ṣe é, mo ní alùpùpù zẹ́míjàn ló gbé e ṣubú. Kò sí zẹ́míjàn kankan. Èmi ni mo ṣe é léṣe, mo sì tún ṣe ohun tó burú ju ìyẹn lọ sí ẹlòmíràn nínú ilé wọn. Bí o bá gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn itan rẹ̀ báyìí, wàá rí ibi tó ti jìn wọnú, wàá sì mọ̀ pé kì í ṣe alùpùpù ló ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó dé ibẹ̀.

Màá tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, màá sì máa ki ìmọ̀ràn bọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń lọ. Olùkọ́ ni mí, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀.

Ìkíní. Kí o tó wọn ara ẹnikẹ́ni, bi í léèrè ohun tí ara náà ti ṣe láti ìdájí.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Inú ìlú ni wọ́n bí mi sí, mi ò di ọkọ́ mú rí kí ìjọba tó rán mi wá sí Ṣábẹ̀. Mo dé pẹ̀lú fèrè, aago tí a fi ń ka eré, àti ìgbéraga tó pọ̀ ju méjèèjì lọ. Lójú mi, ara ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi ìgbà tí mo bá fọn fèrè. Àwọn àgbà olùkọ́ ló kìlọ̀ fún mi pé nígbà tí òjò bá ń lọ sópin, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, àwọn ọmọ máa ń kọ ebè iṣu lóko kí wọ́n tó wá sí ilé ẹ̀kọ́. Mo gbọ́. Láràárọ̀ ni mo ń bi àwọn ọmọkùnrin pé, "Ta ló ti oko wá?" Ẹni tó bá nawọ́, mo máa ń ní kó lọ jókòó. Mi ò bi àwọn ọmọbìnrin rárá, torí wọ́n sọ fún mi pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ebè kíkọ níbí.

Ràbí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà náà. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ ń dùn ún débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìyàwó méjì ni bàbá náà ní. Ràbí nìkan ni ìyáálé bí. Ìyàwó kejì, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kàdírì, ní ọmọkùnrin kan, Kàdírì, àmọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ta ló máa kọ ebè? Ràbí ló gbé ọkọ́. Ìtìjú ńlá ni fún bàbá rẹ̀ pé ọmọbìnrin ń bá òun kọ ebè, nítorí náà wọ́n ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni níta. Kò sì sọ. Yóò jí lọ sóko, yóò kọ ebè títí oòrùn á fi yọ dáadáa, yóò wẹ̀, yóò sáré wá sí ilé ẹ̀kọ́, èmi á tún ní kó wá sáré.

O mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe jù mí lọ. Ẹni tó ń kọ ebè, ìbàdí rẹ̀ ló ń tẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, ẹran ẹ̀yìn itan á sì máa fà fún odindi wákàtí méjì, mẹ́ta. Ẹran yẹn kan náà ni ẹni tó ń sáré gbára lé nígbà tó bá ju ẹsẹ̀ síwájú. Òun ló máa dá ẹsẹ̀ náà dúró kó má baà ju bó ṣe yẹ lọ: ó ń gùn, ó sì tún ń fà padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹran tó ti rẹ̀ kò lè ṣe méjèèjì. Èmi rí i pé Ràbí ń fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn itan rẹ̀ kó tó sáré, mo sì sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé ọ̀lẹ ti ń wọ̀ ọ́ lára.

Ìkejì ni pé kí o má ṣe fi ipò ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá díwọ̀n ọ̀rọ̀ náà. Èyí ló ká mi lára jù, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tó ku ọ̀la tí a máa lọ díje pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù, Ìyá Kàdírì fi ẹsẹ̀ rìn láti Boni wá bá mi ní pápá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Mùsíè bí gbogbo wọn ṣe ń pe olùkọ́. Ó ní, "Mùsíè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ràbí sáré lọ́la. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ò dá. Mo fi ọwọ́ kàn án lálẹ́ àná, ó le bí igi, kò sì jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́."

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

Ó ní rárá, ìyáálé òun ló bí i.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa lọ sílé, pé mo ti gbọ́. Lọ́kàn mi, mo ti rí ọ̀rọ̀ náà: orogún tí kò fẹ́ kí ọmọ ìyáálé gbayì. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ wádìí? Àánú rẹ̀ ò tilẹ̀ ṣe mí pé ó máa fi ẹsẹ̀ rìn padà.

Àbẹ̀kẹ́, nínú gbogbo ènìyàn tó rí ọmọ yẹn lọ́sẹ̀ náà, títí kan èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí, obìnrin yẹn nìkan ló fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Níbi iṣẹ́ rẹ, ìyá kan á wá, tàbí ìyàwó bàbá, tàbí ẹni tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ, á ní lágbájá kò rìn bó ṣe máa ń rìn. Ẹ̀rọ rẹ lè má tíì rí nǹkan kan. Dá eré náà dúró, kí o sì tún un wò.

Lọ́jọ́ kejì, Ràbí ló ṣáájú títí dé ìdajì ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó fò sókè lẹ́sẹ̀ kan, ó di ẹ̀yìn itan mú, ó sì ṣubú. Èmi tí mo jẹ́ akọni, mo ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá. Mo fi aṣọ tó gbóná jó ibẹ̀, mo fi òrí pa á, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi títí ọmọ náà fi ké tí ohùn rẹ̀ há. Mo ní kó dìde kó rìn. Ó rìn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀yìn itan náà ti dúdú títí dé orúnkún, ó sì wú. O mọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ fi ooru kan án, mi ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra á nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn nínú ẹran. Èmi ò mọ̀. Mo ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe nílé wa, mo sì ṣe é bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí o kò bá mọ nǹkan kan níbi iṣẹ́, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n, kí o sì ká ọwọ́ rẹ kúrò.

Ìkẹta, tàbí ìkẹrin, mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́: ọ̀rọ̀ òtítọ́ lè ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

Mo gbé Ràbí lọ sílé ní Boni. Ilé náà kún. Bàbá rẹ̀ jókòó, ìyá rẹ̀ ń sunkún, àwọn àgbà ilé bi mí pé, "Mùsíè, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ara rẹ̀ le lánàá?" Ẹ̀rù bà mí. Mo wo apá ibi tí Ìyá Kàdírì dúró sí pẹ̀lú àwo omi lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá Kàdírì wá bá mi lánàá, ó ní kí n má jẹ́ kó sáré."

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Mi ò sọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ pé òun nìkan ló tọ̀nà. Mo jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹnì kan ní, "Báwo ló ṣe mọ̀ ṣáájú?" Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, wọ́n ti ní òun ló fi ọwọ́ ayé kan ọmọ náà lẹ́sẹ̀. Kí oṣù náà tó pé, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ofè lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n gba Kàdírì lọ́wọ́ rẹ̀, torí ọmọ ilé ni. Inú ilé yẹn ni ọmọ náà dàgbà sí, òun àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa ìyá rẹ̀.

Ojú tì mí láti sọ èyí fún ọ, ṣùgbọ́n ara tù mí nígbà náà. Kò sẹ́ni tó bi olùkọ́ léèrè ohunkóhun.

Nígbà tí o ṣì ń rá kòrò nílé yìí ni wọ́n pè wá sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kútọnu. Dókítà kan ya ẹran ẹ̀yìn itan sára pátákó, ó sì ṣàlàyé bó ṣe ń ya: ó ń kọ́kọ́ le, ó ń dun ènìyàn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, eléré á máa fọwọ́ dì í mú, títí ọjọ́ tó máa já. Mo jókòó síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó ń ka ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kàdírì sọ fún mi ní pápá. Mo padà dé Ṣábẹ̀, mo sì ní màá lọ sí Boni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò dé. Mo di ọ̀gá láàárín àwọn olùkọ́ eré ìdárayá, mo ń kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun pé kí wọ́n má fi ooru kan ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, kí wọ́n sì máa bi àwọn ọmọbìnrin náà bóyá wọ́n ti oko wá. Mo ń fi àṣìṣe mi kọ́ ènìyàn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ rẹ lórí tẹlifóònù ló jí mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gun zẹ́míjàn lọ sí Ofè.

Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa èso kájú sínú agbọ̀n. Kò dàgbà tó bí mo ṣe rò, iṣẹ́ ló gbó o. Ó dá mi mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ náà ní yanrìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe kọ ọ́ síhìn-ín yìí. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Èmi ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Mùsíè. Mo fọwọ́ kàn án. Kàdírì ni kò mọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló bí, mi ò tíì gbé ọ̀kan nínú wọn rí. Ẹ lọ sọ fún Kàdírì."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. Mi ò sì bẹ̀bẹ̀ pé kó sọ ọ́.

Mo lọ sí Boni ní ọjọ́ kejì. Kàdírì ti di ọkùnrin tó ga jù mí lọ. Ó gbé àga fún mi, ó sì gbọ́ mi tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin kan náà lẹ sọ ọ̀rọ̀ tó lé ìyá mi lọ. Ẹ̀yin kan náà lẹ tún wá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ti dàgbà báyìí, ẹ sì fẹ́ kí ọkàn yín fúyẹ́. Èwo nínú ọ̀rọ̀ yín ni kí n gbà gbọ́?"

Bá mi wá ìdáhùn ìbéèrè yẹn wò, bóyá o máa rí i.

Ràbí ló dá sí i. Ó ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé ọmọ yín tó kọ́ṣẹ́ iṣan ò lè wò ó? Ẹsẹ̀ mi nìyí. Kò lọ síbì kan." Mo rántí ẹ̀rọ tí o sọ fún mi nípa rẹ̀, èyí tí ẹ máa ń tẹ̀ mọ́ awọ ara, tó ń fi inú ẹran hàn bí àwòrán. O ní ibi tí ẹran bá ti já tó sì san, àpá rẹ̀ kì í parẹ́ tán nínú àwòrán náà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo sọ ìyẹn fún Kàdírì. Ó ní tí ẹlòmíràn tí kì í ṣe èmi bá fi ojú ara rẹ̀ rí i, tó sì ṣàlàyé rẹ̀ níwájú àwọn àgbà ilé, òun á fi alùpùpù òun lọ gbé ìyá òun ní Ofè.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ sí. Gbé ẹ̀rọ náà wá. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ dáadáa, má gbé e lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá dé ilé wọn, má sọ Faransé sí wọn. Fi ẹsẹ̀ òsì Ràbí tó dá hàn wọ́n ná, kí wọ́n rí bí ẹran ṣe máa ń tò, kí o tó fi ti ọ̀tún hàn wọ́n. Bi Ràbí ní gbangba iye ọjọ́ tó fi kọ ebè kó tó sáré. Bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ìtìjú ẹnikẹ́ni tó kù láti bò.

Má sì gbà mí sílẹ̀. Bí àwòrán náà bá sọ nǹkan tó yàtọ̀ sí èyí tí mo sọ, nǹkan yẹn gan-an ni kí o sọ. Bí àpá náà kò bá hàn, sọ pé kò hàn. Wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ láti máa sọ ohun tí o rí nínú ẹsẹ̀ ènìyàn. Bàbá rẹ kò sí nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, mo sì mọ̀ pé o lè bínú sí mi. Bínú, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àmọ́ kọ́kọ́ wá.

Ìyá rẹ kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun láàárọ̀ kí o tó lọ síbi iṣẹ́, pé gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ara, ẹ kì í tọ́jú tiyín.

Lánàá, Ìyá Kàdírì rán ẹnì kan sí mi láti Ofè. Kò fi ẹ̀bẹ̀ rán an, kò sì fi èébú rán an. Ó kàn ní kí n sọ ọjọ́ tí ọmọ mi ń bọ̀, kí òun lè fọ aṣọ òun sílẹ̀.

Mi ò tíì dá a lóhùn. Ọjọ́ wo lo ń bọ̀, Àbẹ̀kẹ́?

Èmi ni,
Bàbá rẹ